Èwo Ni Kí A Rà fún Hẹ́dífóònù àti Wáyà Gígùn: TL072, NE5532, LM4562 tàbí NJM4556A?

Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe ẹ̀rọ tí yóò máa gbé ohùn sínú hẹ́dífóònù fún ẹgbẹ́ akọrin ní Kàbbà tàbí ní Mọ̀pà, tàbí tí ó fẹ́ fi wáyà gígùn gbé ohùn láti iwájú ìjọ dé ìdí míkísà ní ẹ̀yìn, kò ní pẹ́ bá op-amp mẹ́rin yìí pàdé, ìyẹn IC kékeré tí ń mú ohùn lágbára sí i. Ẹsẹ̀ mẹ́jọ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ní, ètò ẹsẹ̀ wọn sì bára mu, débi pé bí ẹ bá lo sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ lè yọ ọ̀kan kí ẹ sì ki òmíràn bọ̀ ọ́ láìfọwọ́ kan bọ́ọ̀dù. Ìbáramu yìí ló ń mú kí àwọn tí ń rà á máa fi owó tàbí òkìkí orúkọ yàn. Lójú tèmi, ohun tí ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ wò ni iye mA (ìwọ̀n iná tí ń ṣàn) tí ó lè tì jáde nígbà tí ohun tí ẹ so mọ́ ọn kò fi bẹ́ẹ̀ dènà iná.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Hẹ́dífóònù 32 ohm (ohm ni a fi ń wọn bí nǹkan ṣe ń dènà iná tó) tí ẹ fẹ́ fún ní 20 mW kò béèrè ju 0.8 V lọ, ṣùgbọ́n yóò gba 25 mA, èyí tí yóò ga tó 35 mA ní ṣóńṣó ìgbì ohùn. Hẹ́dífóònù 300 ohm, bí ẹ bá fún un ní 2 V, kò ní gbà tó 7 mA. Fóòtì ni ebi rẹ̀ ń pa. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ kan ṣoṣo fi lè dún geere létí ẹnì kan kí ohùn rẹ̀ sì máa fọ́ létí ẹnìkejì.

TL072 kì í fa iná lára ohun tí ó ń gba ohùn wọlé fún un, nítorí náà ó dára fún gìtá àti fún ibi tí a ti ń tún ohùn tò. Ariwo rẹ̀ jẹ́ 18 nV/√Hz (bí nọ́ńbà yìí bá ṣe kéré tó ni ohùn ṣe mọ́ tó). Ẹ má lò ó fún hẹ́dífóònù rárá, nítorí mA tí ó lè tì jáde kò tó.

NE5532 ni èmi yóò rà fún wáyà gígùn àti fún hẹ́dífóònù 300 ohm. Ariwo rẹ̀ kò ju 5 nV/√Hz lọ, 600 ohm kò sì ni ín lára. Bí ẹ bá tilẹ̀ so ẹnu rẹ̀ (ibi tí ohùn ń gbà jáde) mọ́ ilẹ̀, nǹkan bí 38 mA ni yóò tì jáde mọ, èyí tí ó túmọ̀ sí pé hẹ́dífóònù 32 ohm ti gbé e dé bèbè. Op-amp méjì ló wà nínú ẹyọ kan, nítorí náà ẹ lè so apá rẹ̀ méjèèjì pọ̀ kí wọ́n jọ gbé e, kí ẹ fi rẹ̀sísítọ̀ 10 ohm sí ẹnu ọ̀kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó pàdé, ṣùgbọ́n IC méjì ni etí méjì yóò gbà nígbà náà. Bí ẹ bá gbọ́ ìró kùrùkùrù nígbà tí ẹ ń yí fọ́líọ̀mù, iná díẹ̀ tí NE5532 ń fà wọlé ló ń fà á. Kapásítọ̀ kan láàárín wọn ni oògùn rẹ̀.

LM4562 mọ́ ju gbogbo wọn lọ, nítorí ariwo rẹ̀ jẹ́ 2.7 nV/√Hz péré. Síbẹ̀, 600 ohm náà ni wọ́n ṣe é fún, nítorí náà ẹni tí ó bá torí hẹ́dífóònù 32 ohm san owó gegere lé e lórí kò ra ohun tí ó ń wá. Kapásítọ̀ 100 nF gbọ́dọ̀ wà nítòsí ẹsẹ̀ iná rẹ̀ gan-an, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó lè máa gbọ̀n fúnra rẹ̀ láìsí ohùn kankan, kí ó sì máa gbóná.

NJM4556A ni ti hẹ́dífóònù. 70 mA ni ó lè gbé jáde. Àwọn kan ń fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀ nítorí pé 3 V/µs ni ìyára rẹ̀ (bí fóòtì ẹnu rẹ̀ ṣe lè yára yí padà tó), ṣùgbọ́n ìyára yẹn tó gbé ohùn 20 kHz dé 23 V ní ṣóńṣó, iná wa kò sì gòkè tó bẹ́ẹ̀. Bí owó bá wà, ẹ fi LM4562 ṣáájú, kí NJM4556A tẹ̀ lé e.

Ní ilẹ̀ Okun, ọ̀pọ̀ wa ń lo bátìrì sólà 12 V, tí a óò pín sí 6 V lókè àti 6 V nísàlẹ̀. Gbogbo wọn yóò ṣiṣẹ́, fóòtì tí ó kù yóò sì tó hẹ́dífóònù 32 ohm. Àárín tí a pín yẹn ni ẹ ṣọ́, nítorí pé gbogbo iná tí ó wọ hẹ́dífóònù ibẹ̀ ni yóò gbà padà. Rẹ̀sísítọ̀ méjì lásán kò lè dì í mú. Ẹ lo bátìrì méjì, tàbí kí ẹ fi NJM4556A kan dá dúró síbẹ̀.

Sípíkà 8 ohm kò sí lára iṣẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: 1 W péré yóò béèrè nǹkan bí 500 mA ní ṣóńṣó, èyí sì jẹ́ iṣẹ́ irú IC bíi TDA2030.

Bí wọ́n bá bá yín ra NJM4556A bọ̀ láti Alaba tàbí Ìlọrin, ẹ dán an wò kí ẹ tó jó o mọ́ bọ́ọ̀dù. Ẹ fún un ní ohùn 400 Hz títí ẹnu rẹ̀ yóò fi jẹ́ 1.2 V lórí mítà, kí ẹ wá so rẹ̀sísítọ̀ 33 ohm mọ́ ọn. Bí fóòtì náà bá já wálẹ̀ gan-an, NJM4556A kọ́ ni wọ́n tà fún yín.