Àgbádárìgì, Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí àti Ẹ̀pẹ́: ibo ló yẹ kí ẹ kọ́lé sí létí omi?

Bí ẹ bá sọ fún ajẹ́ńtì ní Èkó pé ẹ ń wá ilẹ̀ létí omi, tí owó yín kò sì ká ti Erékùṣù, orúkọ ìlú mẹ́ta ló máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀: Àgbádárìgì, Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí àti Ẹ̀pẹ́. Á ní gbogbo wọn ló dára. Lóòótọ́ ni, gbogbo wọn dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún ẹnì kan náà. Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí ló kọjú sí òkun gan-an. Etí ọ̀sà ni Àgbádárìgì wà. Ẹ ní láti wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá sí Gberefu kí ẹ tó fẹsẹ̀ kan iyanrìn òkun. Ní ti Ẹ̀pẹ́, ọ̀sà nìkan ni, ìlú náà kò dé òkun rárá. Ìyàtọ̀ yìí ló bí púpọ̀ nínú ohun tí ẹ máa rí.

Ẹ má ṣe fi òpin ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo wo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìwọ̀ oòrùn Èkó ni Àgbádárìgì wà, ìlà oòrùn ni àwọn méjì yòókù. Bí ẹ bá pa wọ́n pọ̀, títì lẹ máa wò, ẹ kò ní wo ìlú. Ẹ ya òpin ọ̀sẹ̀ kan sọ́tọ̀ fún Àgbádárìgì, kí ẹ so Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí àti Ẹ̀pẹ́ pọ̀. Kí ẹ sì sùn síbẹ̀. Ẹni tó dé láàárọ̀ Sátidé tó sì padà nírọ̀lẹ́, etíkun ló rí, kò tíì rí ibi tó fẹ́ máa gbé.

Ọ̀nà

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni kí ẹ gbéra, lásìkò tí àwọn òṣìṣẹ́ ń darí sílé, nítorí àsìkò yẹn ni ẹ̀yin náà á máa rìn bí ẹ bá ti di ará ibẹ̀.

Ọ̀nà Àgbádárìgì ti jẹ àwọn ènìyàn níyà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Láti 2009 ni ìjọba ìpínlẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀ ẹ́ kí ó lè gba ọkọ̀ mẹ́wàá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ọkọ̀ ojú irin sì gba àárín rẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin Blue Line bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Marina dé Mile 2 ní oṣù Kẹsàn-án 2023, Okokomaiko ni wọ́n sì ní ìpele kejì máa dé. Kódà bó bá dé ibẹ̀, Àgbádárìgì ṣì jìnnà sí i. Ọkọ̀ èrò lẹ máa wọ̀ fún ìyókù. Ohun mìíràn tí àlejò kì í ka sí ni ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, tí wọ́n ń gbà wọ orílẹ̀-èdè Benin. Nítorí rẹ̀, àwọn aṣọ́bodè àti ọlọ́pàá pọ̀ lójú ọ̀nà náà, wọ́n sì ń dá ọkọ̀ dúró. Bí iṣẹ́ yín bá jẹ mọ́ ẹrù kíkó, ẹ bá awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà náà lójoojúmọ́ sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kó sọ iye ìgbà tí wọ́n ń dá a dúró.

Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí ní ìṣòro tirẹ̀, ìṣòro ọrọ̀ ni. Ilé ìfọpo Dangote, tí wọ́n kọ́ láti máa fọ àgbá epo 650,000 lójúmọ́, àti èbúté Lẹ́kkí tí wọ́n ṣí ní oṣù Kìn-ín-ní 2023, àwọn méjèèjì ló kó ọkọ̀ àjàgbé wá sójú ọ̀nà kan náà tí àwọn onílé ń tọ̀. Láti Ajah lọ dé oríta Eleko, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lè jẹ ìrọ̀lẹ́ yín tán pátápátá.

Ẹ̀pẹ́ ní tirẹ̀ ní ọ̀nà méjì. Ẹ lè gba ti Lẹ́kkí, ẹ sì lè gba Ìkòròdú àti Itoikin. Ọjọ́ tí ọ̀kan bá dí, òmíràn wà. Èmi ka ìyẹn sí ju wíwo òkun láti ojú fèrèsé lọ, pàápàá fún ẹni tó ní àgbàlagbà nílé tó lè nílò ilé ìwòsàn lóru.

Iyọ̀ àti omi

Afẹ́fẹ́ òkun dùn, ṣùgbọ́n iyọ̀ wà nínú rẹ̀, iyọ̀ a sì máa jẹ irin. Nígbà tí ẹ bá dé àwọn abúlé etí òkun ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí, ẹ wo ìdí ìṣó tí wọ́n fi kan páànù mọ́ òrùlé. Ẹ fọwọ́ kan irin ojú fèrèsé, ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ amúlétutù tó wà níta. Lára ilé tí kò tíì pẹ́ tí wọ́n kọ́ ọ, ẹ máa rí i tí ìpẹtà ń ṣàn wálẹ̀ lára ògiri. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé síbẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣírò páànù alumíníọ́ọ̀mù àti ọ̀dà tó nípọn mọ́ owó rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní Ẹ̀pẹ́, níbi tí òkun ti jìnnà, ìyà yìí kéré gan-an. Àgbádárìgì wà láàárín méjèèjì.

Omi mímu náà ńkọ́? Ní alẹ́ ọjọ́ tí ẹ bá sùn síbẹ̀, ẹ bu omi kànga ẹ̀rọ sínú abọ́ funfun, ẹ má bò ó. Bí ilẹ̀ bá mọ́, tí omi tó mọ́ gaara lálẹ́ àná bá ti ń pọ́n, tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ pupa sì ti silẹ̀ sí ìsàlẹ̀ abọ́, irin pọ̀ nínú rẹ̀ nìyẹn. Owó ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi ti di ara owó ilé yín. Ẹ tún fi fọwọ́. Bí ọṣẹ bá kọ̀ tí kò hó, ẹ tọ́ omi náà wò bóyá iyọ̀ ti wọ̀ ọ́. Ẹ ṣe é ní ìlú kọ̀ọ̀kan, kódà ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá ní lọ́kàn, nítorí kànga méjì tó wà ní òpópónà kan náà lè má bára mu.

Òkun tún máa ń gba ilẹ̀. Ayétòrò ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, ìpínlẹ̀ Oǹdó, ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947 tí òkìkí rẹ̀ sì kàn, òkun ti gbé ilé àti òpópónà lọ níbẹ̀, àwọn ará ìlú sì ń sún sẹ́yìn títí. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni ta plọ́ọ̀tì tó sún mọ́ iyanrìn fún yín láìjẹ́ pé ẹ ti bi àwọn apẹja àgbà ibẹ̀ léèrè ibi tí omi ń dé nígbà èwe wọn.

Ìgbé ayé

Àárọ̀ Sátidé, ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, kí oòrùn tó mú. Ẹja àrọ̀ ṣì ń jà nínú ọpọ́n, ẹ̀pìà wà níbẹ̀, akàn tí wọ́n fi okùn dè wà níbẹ̀, àwọn ìyá ọlọ́jà á sì fi ọ̀bẹ ha ìpẹ́ ẹja yín kí ẹ tó san owó tán. Ọmọ Ìjẹ̀bú tó bá fẹ́ ìkọ́kọrẹ́ nílé kò ní wá ohun tó máa fi sè é. Ẹ̀pẹ́ jẹ́ ìlú tó ti wà tipẹ́, tó ní ẹbí, mọ́sálásí, ilé ẹ̀kọ́ àti ìtàn. Ibẹ̀ ni Ọba Kòsọ́kọ́ sá wá lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn àgbá lé e kúrò ní Èkó ní 1851, ọdún Káyọ̀káyọ̀ sì ń rán wọn létí rẹ̀ títí dòní. Àlejò tó bá kọ́lé síbẹ̀, àárín ènìyàn ló kọ́ ọ sí.

Ìtàn Àgbádárìgì náà jinlẹ̀. Ilé alájà tí àwọn míṣọ́nnárì parí ní 1845 ṣì dúró níbẹ̀, ọjà ẹrú Vlekete àti ojú ọ̀nà tí wọ́n ń kó ẹrú gbà lọ sí òkun wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ Ògù ló ni ìlú, èdè wọn lẹ máa gbọ́ lọ́jà Agbalata, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Yorùbá ń ṣiṣẹ́ níbi gbogbo. Ìlú jẹ́jẹ́ ni, àgbọn pọ̀, ó sì bá ẹni tó ti fẹ̀yìn tì mu, tí kò ní láti máa wọ Èkó lójoojúmọ́.

Ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí, ọ̀pọ̀ ẹ́síteètì tí wọ́n ń ta kò tíì ní olùgbé. Bí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìfọpo tàbí ní èbúté, ẹ lọ síbẹ̀, ẹ má rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹ bá fẹ́ fi owó pamọ́ sínú ilẹ̀ ni, ó ní ìtumọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ kó ìyàwó àti ọmọ lọ gbé ibẹ̀ lọ́dún yìí, kí ó lọ dúró síwájú ẹ́síteètì náà ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, kó ka iye fèrèsé tó ní iná. Èmi, Ẹ̀pẹ́ ni mo máa mú.

Ìwé ilẹ̀

Ibí yìí ni owó ti ń ṣègbé jù, pàápàá owó àwọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí ẹbí. Láti ìgbà òfin ilẹ̀ 1978, ìkáwọ́ gómìnà ni ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wà. Ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí, ìjọba ti gba ilẹ̀ rẹpẹtẹ fún iṣẹ́ tirẹ̀, kò sì yọ gbogbo rẹ̀ padà fún àwọn abúlé. Rìsíìtì tó dán kò lè sọ ilẹ̀ ìjọba di tiyín. Títì etíkun Èkó sí Calabar, tí gígùn rẹ̀ tó kìlómítà 700, tún bẹ̀rẹ̀ ní 2024, wọ́n sì wó ilé àti ibùdó òwò tó wà lójú ọ̀nà rẹ̀. Ẹ bèèrè ibi tó máa gbà kí ẹ tó ra ohunkóhun nítòsí òkun.

Ní ọjọ́ Ajé tí ẹ bá dé, ẹ jẹ́ kí awọnlẹ̀ tiyín, kì í ṣe ti ẹni tó ń tà á, gbé nọ́ńbà igun ilẹ̀ náà lọ sí ọ́fíìsì olórí awọnlẹ̀ ìpínlẹ̀ ní Alausa, kí wọ́n sọ bóyá ilẹ̀ ìjọba ni tàbí ó ti bọ́ lọ́wọ́ ìjọba. Kí lọ́yà yín wo C of O, ìyẹn ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ tí ìjọba ń fún ènìyàn, tàbí ìwé ìyọ̀ǹda gómìnà bó bá wà. Ní Ẹ̀pẹ́ àti Àgbádárìgì, níbi tí ilẹ̀ ẹbí ti pọ̀, ẹni tó fọwọ́ sí ìwé ló ṣe pàtàkì jù. Bí olórí ẹbí bá tà á láìsí àwọn àgbà ẹbí níbẹ̀, ilé ẹjọ́ lè fagi lé e. Bí ọmọ ẹbí bá sì tà á láìsí olórí ẹbí, títà náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ rárá.