TP-Link Archer C6 lẹ́yìn ráútà ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì: ibi tí ìjà ti ń wá àti bí a ṣe ń parí rẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ra Archer C6 nítorí pé Wi-Fi inú ráútà tí ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì gbé wá kò dé yàrá ẹ̀yìn ni àgbéyẹ̀wò yìí wà fún jù. Ráútà gidi ni, owó tí wọ́n ń tà á kò sì ju iṣẹ́ tó ń ṣe lọ. Àmọ́ bó ṣe ń jáde nínú páálí, ó ti gbà pé òun nìkan ni ráútà tó wà nílé: òun ni yóò máa pín àdírẹ́ẹ̀sì, òun ni yóò máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ráútà àkọ́kọ́, èyí tí n ó máa pè ní ráútà àgbà, ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń rò pé ọjà bàjẹ́ ni wọ́n rà, nígbà tó jẹ́ pé kò sí ohun tó ṣe ráútà kankan nínú méjèèjì.

Ohun tó wà lára rẹ̀ kò pọ̀: ihò WAN kan (ibi tí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọlé) àti ihò LAN mẹ́rin (ti àwọn ẹ̀rọ inú ilé), gbogbo wọn gigabit, Wi-Fi lórí 2.4GHz àti 5GHz, tí 5GHz rẹ̀ jẹ́ Wi-Fi 5, 867Mbps lórí ìwé. Kò ní USB. Iná 12V, 1A ló ń jẹ, ohun tó sì jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn, nítorí pé UPS kékeré oní-12V tí wọ́n ń tà fún ráútà lè gbé e fún wákàtí díẹ̀ bí NEPA bá mú iná lọ.

Ọ̀nà tí ẹ gbà so wáyà ló ń sọ irú ìjà tí ẹ máa rí. Bí wáyà bá jáde láti ihò LAN ráútà àgbà wọ ihò WAN ti Archer, NAT (iṣẹ́ tí ráútà ń ṣe láti kó gbogbo ẹ̀rọ ilé jáde pẹ̀lú àdírẹ́ẹ̀sì kan) ti di méjì, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. WhatsApp á ṣiṣẹ́, fídíò á ṣí. Ṣùgbọ́n fóònù tó wà lórí Archer lè má rí tẹlifíṣọ̀n tó wà lórí ráútà àgbà láti gbé fídíò sí i, géèmù á máa sọ pé NAT le jù, kámẹ́rà tí ẹ fẹ́ máa wò láti ìta kò ní ṣeé wò bí ẹ bá ṣí pọ́ọ̀tù (ọ̀nà àbáwọlé láti ìta) fún un lórí ráútà kan ṣoṣo. Bó bá jẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì lásán lẹ ń lò, irú èyí kò pa yín lára, ẹ lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Èyí tó burú ni LAN sí LAN láìyí nǹkan kan padà nínú Archer. Ráútà méjì ni yóò máa pín àdírẹ́ẹ̀sì lórí wáyà kan náà. Ó dà bí ìgbà tí ọmọ onílẹ̀ méjì ń ta ilẹ̀ kan ṣoṣo fún oníbàárà méjì, tí olúkúlùkù sì mú rìsíìtì dání. Bí ráútà àgbà bá wà lórí 192.168.1.1 tí Archer wà lórí 192.168.0.1 tirẹ̀, ẹ̀rọ tó gba àdírẹ́ẹ̀sì lọ́wọ́ ráútà àgbà á rí íntánẹ́ẹ̀tì. Èyí tó gbà á lọ́wọ́ Archer kò ní rí nǹkan kan, torí Archer kò ní ohunkóhun nínú ihò WAN rẹ̀. Wi-Fi kún dẹ́múdẹ́mú, íntánẹ́ẹ̀tì kò sí. Bí àwọn méjèèjì bá sì jọ wà lórí 192.168.0.1, íntánẹ́ẹ̀tì á máa lọ, á máa bọ̀, Windows á sì lè máa kìlọ̀ pé àdírẹ́ẹ̀sì kọlu ara wọn.

Ìdí tí ó fi máa ń dà bíi pé iná NEPA ló ń bà á jẹ́ ni pé nígbàkúùgbà tí iná bá lọ tó dé, gbogbo fóònù á tún béèrè àdírẹ́ẹ̀sì. Ráútà tó bá kọ́kọ́ jí ló máa dá wọn lóhùn. Bí Archer bá ṣáájú, ilé á dákẹ́. Àdírẹ́ẹ̀sì tó pín sì ń lo 120 ìṣẹ́jú kó tó di pé ó parí, ìyẹn bí ẹ kò bá tíì yí i padà, nítorí náà ẹ lè tún nǹkan ṣe tán kí fóònù kan ṣì di ti àtijọ́ mú. Ẹ pa Wi-Fi fóònù náà, kí ẹ tún un tàn. Lórí kọ̀ǹpútà Windows, ẹ ṣí cmd (fèrèsé tí a ń tẹ àṣẹ sí), ẹ tẹ ipconfig /release, lẹ́yìn náà ipconfig /renew.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ wá ẹni tó ń jà. Ẹ ṣí cmd lórí Windows, ẹ tẹ ipconfig /all, kí ẹ wo ìlà méjì péré: Default Gateway (ráútà tí ẹ̀rọ náà ń gbà jáde sí íntánẹ́ẹ̀tì) àti DHCP Server (ráútà tó pín àdírẹ́ẹ̀sì fún un). Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà méjì. Bí DHCP Server wọn bá yàtọ̀ nígbà tí wọ́n jọ wà lórí wáyà kan, ọ̀rọ̀ ti yé. Bí àdírẹ́ẹ̀sì bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254, kò sí ráútà tó dá ẹ̀rọ náà lóhùn rárá. Fún ti pé ráútà méjì ń jẹ́ àdírẹ́ẹ̀sì kan náà, ẹ tẹ arp -a, kí ẹ ka nọ́ńbà MAC (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀rọ) tó wà níwájú 192.168.0.1. Ẹ dúró ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹ tún un tẹ̀. Bí nọ́ńbà náà bá yí padà, ẹ ti mú olè: ẹ fi í wé èyí tí wọ́n kọ sí ìdí Archer. Ní ti NAT méjì, tracert -d 8.8.8.8 ló ń fi í hàn, níbi tí ìlà kìíní ti jẹ́ 192.168.0.1 tí ìkejì sì jẹ́ 192.168.1.1. Bí ẹ bá rí àdírẹ́ẹ̀sì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun tó wà láàárín 100.64 sí 100.127, NAT ti ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì nìyẹn, kò sí bọ́tìnnì kankan nílé yín tó lè mú un kúrò.

Ọ̀kọ̀ọ̀kan là ń yọ ẹsẹ̀ lábàtà. Ẹ yọ wáyà tó so ráútà méjèèjì pọ̀. Ẹ wọ Wi-Fi Archer, ẹ ṣí tplinkwifi.net, ẹ lọ sí Advanced, wá Operation Mode, kí ẹ mú Access Point, ẹ fi pamọ́. Ó máa pa ara rẹ̀, á tún jí. Nígbà náà ni kí ẹ so wáyà padà, láti LAN ráútà àgbà sí ihò WAN Archer. Láti àkókò yẹn, ráútà àgbà nìkan ló ń pín àdírẹ́ẹ̀sì, Archer kàn ń fọ́n Wi-Fi ni. Iná Internet rẹ̀ á di àwọ̀ ewé. Bó bá wà ní àwọ̀ ọsàn, wáyà wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n íntánẹ́ẹ̀tì kò gbabẹ̀ kọjá. Ẹ má fòyà pé 192.168.0.1 kò ṣí mọ́. Ó ti gba àdírẹ́ẹ̀sì tuntun, ẹ ó rí i nínú àkọsílẹ̀ àwọn ẹ̀rọ tó wà lórí ráútà àgbà.

Ráútà àtijọ́ tí kò ní Access Point náà ṣeé lò bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ ṣe tò ó ṣe pàtàkì. Bí ráútà àgbà bá wà lórí 192.168.1.1, ẹ kọ́kọ́ yí àdírẹ́ẹ̀sì LAN rẹ̀ sí 192.168.1.2, kí ó má bọ́ sáàárín àwọn tí ráútà àgbà ń pín. Ẹ wọlé padà pẹ̀lú àdírẹ́ẹ̀sì tuntun náà, kí ẹ tó pa DHCP, ìyẹn iṣẹ́ pípín àdírẹ́ẹ̀sì. Ẹni tó bá ti DHCP bẹ̀rẹ̀ lè bá ara rẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn tó ti tì mọ́ ara rẹ̀, tí kò sí ọ̀nà míì ju kó tẹ Reset. Lẹ́yìn náà LAN sí LAN, kí WAN ṣófo. Wáyà kan ṣoṣo ni o. Bí ẹ bá so méjì láàárín wọn, ìsọfúnni á máa yí po láìdúró, gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé á sì kú pátápátá.

Ní ti Wi-Fi, ẹ fún méjèèjì ní orúkọ kan, pásíwọ́ọ̀dù kan àti irú ààbò kan, WPA2. Lórí 2.4GHz, kí ọ̀kan wà ní channel 1, kí èkejì wà ní 11, kí fífẹ̀ wọn jẹ́ 20MHz. Auto kì í sábà yàn dáadáa níbi tí ilé ti kún. 5GHz yára lóòótọ́, àmọ́ ògiri búlọ́ọ̀kù inṣi 9 kì í jẹ́ kó lọ jìnnà, kọnkéré àárín òkè àti ìsàlẹ̀ sì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ gbé Archer sínú yàrá tí ẹ ti fẹ́ lò ó gan-an.

Wáyà tún ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Cat5e tàbí Cat6 tó jẹ́ bàbà gidi ni kí ẹ rà, nítorí pé èyí tó jẹ́ alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò máa ń kán lẹ́nu. Fún gigabit, gbogbo okùn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ gbọ́dọ̀ wọlé. Bí ìyára kò bá kọjá nǹkan bí 95Mbps rárá, ẹ wo orí wáyà: ó lè jẹ́ pé okùn búlúù tàbí búráwùn ni kò kan ìdí.

Ohun tí ẹ ó pàdánù nínú Access Point ni Parental Controls (ṣíṣọ́ ohun tí ọmọdé ń ṣí), QoS (yíyan ẹ̀rọ tí íntánẹ́ẹ̀tì yóò kọ́kọ́ dá lóhùn) àti ṣíṣí pọ́ọ̀tù nínú Archer. Ẹni tó nílò wọn, kí ó fi Archer sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ráútà, kí ó yí LAN rẹ̀ sí 192.168.50.1, kí ó pa Wi-Fi ráútà àgbà, kí gbogbo ẹ̀rọ wà lábẹ́ Archer. Bí ráútà àgbà bá ní DMZ (ètò tó ń darí gbogbo ohun tó bá ti ìta wá sí ẹ̀rọ kan), ẹ darí rẹ̀ sí àdírẹ́ẹ̀sì WAN Archer. Àwọn tó ń lo Starlink ní Bypass (ètò tó ń pa iṣẹ́ ráútà Starlink) nínú áàpù, òun ló mọ́ jù nínú gbogbo rẹ̀, ó kàn jẹ́ pé Wi-Fi Starlink fúnra rẹ̀ á dákẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe ìmúdójúìwọ̀n Archer, ẹ ka nọ́ńbà Ver tó wà ní ìdí rẹ̀, kí ẹ mú ti ẹ̀yà yẹn gan-an, fún agbègbè tí wọ́n ti tà á. Ti ẹ̀yà mìíràn kì í wọ̀ ọ́.