Ẹjọ́ tí ìlú dá fún Sal Singh: èrò mi lórí A Good Girl's Guide to Murder

Gbogbo ìlú Little Kilton ló mọ ilé àwọn Singh. Bí àwọn ọmọ iléèwé bá ń darí bọ̀ nírọ̀lẹ́, wọn a kóra jọ síwájú ilé náà, wọn a máa pe ara wọn níjà pé ta ló láyà láti sáré lọ fọwọ́ kan géètì. Bẹ́ẹ̀, kò sí iwin níbẹ̀ o. Bàbá, ìyá àti ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù fún wọn ló ń gbébẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ ìwé nìyẹn, ibẹ̀ gan-an sì ni Holly Jackson, òǹkọ̀wé rẹ̀, ti mú mi. Ẹnu iṣẹ́ alẹ́ ni mo wà, mo ń jókòó ti àwọn arúgbó ní ilé ìtọ́jú, mi ò sì gbé ìwé náà sílẹ̀ àfi tí agogo ẹnìkan bá dún.

Ọdún 2019 ni ìwé náà jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni, àwọn ọ̀dọ́ ló sì kọ ọ́ fún. Nínú oṣù kẹrin ọdún 2012, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Andie Bell, arẹwà tí gbogbo iléèwé mọ̀, di àwátì ní òru ọjọ́ Jímọ̀. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n bá òkú Sal Singh, ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀, nínú igbó. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ti kọ́kọ́ ti orí fóònù rẹ̀ lọ bá bàbá rẹ̀ pé òun lòun ṣe é. Ọlọ́pàá pa fáìlì dé, ìlú náà sì pa ẹjọ́ dé. Ọdún márùn-ún kọjá, wọn ò tíì rí òkú Andie.

Pippa Fitz-Amobi, Pip ni wọ́n ń pè é, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ló ní ọ̀rọ̀ náà ò yé òun. Ó mọ Sal láti kékeré, Sal ṣe dáadáa sí i, kò sì rí apànìyàn lára rẹ̀. Ó bá mú ẹjọ́ náà ṣe EPQ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ́mọ ní sixth form nílùú Ọba á ti mọ EPQ: iṣẹ́ ìwádìí tí ọmọ á fúnra rẹ̀ yàn, tí á fúnra rẹ̀ ṣe. Ìdajì A-level, ìdánwò ìparí sixth form, ni wọ́n kà á sí, A* rẹ̀ sì ń fún ọmọ ní máàkì UCAS 28, irú máàkì tí wọ́n fi ń wọ yunifásítì. Ọmọbìnrin mi ń ṣe tiẹ̀ lọ́wọ́ báyìí lórí odò Wye tó ṣàn gba High Wycombe wa kọjá. Ìwé àkọsílẹ̀ kan wà tí wọ́n gbọ́dọ̀ máa kọ nǹkan sí bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, production log ni wọ́n ń pè é. Tọmọ mi kì í kúrò lórí tábìlì tá a ti ń jẹun, àbàwọ́n tíì ti wà lára rẹ̀. Orúkọ yẹn náà ni Pip fún àkọsílẹ̀ tirẹ̀, bí ọmọ gidi tó ń ṣe iṣẹ́ iléèwé ló sì ṣe ń kọ ọ́.

Apá yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú ìwé náà. Ẹ ó rí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí Pip gbà sílẹ̀ tó sì tẹ̀ jáde lẹ́yọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ ó rí máàpù, ẹ ó rí ohun tí Andie kọ sínú ìwé ètò iléèwé rẹ̀ pẹ̀lú àwọn lẹ́tà ìkékúrú tí kò fẹ́ kí ẹlòmíì mọ̀. Tí àkọsílẹ̀ kan bá parí, Pip á to orúkọ àwọn tó ń fura sí. Orúkọ náà sì ń pọ̀ sí i. Gbogbo wọn ló jẹ́ aráalé àti ará àdúgbò. Naomi, ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́, wà níbẹ̀. Ẹ wo ọmọ tó ti ń jẹ tó ń mu nílé yẹn láti kékeré, tó wá jókòó síwájú ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó ń béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ lóru ọjọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, tó sì ń gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń há sí i lọ́fun. Mo ní láti pa ìwé náà dé fúngbà díẹ̀. Àwa náà mọ irú ilé bẹ́ẹ̀, ilé tí wọ́n ti ń pè wá lọ́mọ, tí ìbéèrè kan ṣoṣo lè sọ wá di àlejò níbẹ̀.

Ohun tó gbé e dé ọ̀dọ̀ Naomi ni pé àwọn ọ̀rẹ́ Sal, tí Naomi wà lára wọn, yí ọ̀rọ̀ wọn padà. Wọ́n kọ́kọ́ sọ fún ọlọ́pàá pé Sal wà lọ́dọ̀ wọn títí di ọ̀gànjọ́, lẹ́yìn náà wọ́n ní rárá o, ó ti tètè lọ. Kí ló mú ọmọ mẹ́rin yí ẹnu padà lẹ́ẹ̀kan náà? Mi ò ní sọ ọ́ níbí.

Bí Pip ṣe ń wọ ilé kan tó ń jáde sí òmíràn, ó ń rí i pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Èyí tó dùn mí jù ni ilé Bell, ilé ọmọ tó di àwátì fúnra rẹ̀. Gbogbo ìlú ló ń káàánú bàbá Andie. Díẹ̀díẹ̀ la wá ń gbọ́ irú ọ̀rọ̀ tí bàbá náà máa ń sọ sí àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjèèjì nípa ara wọn àti ìrísí wọn, bíi pé ẹwà nìkan ni ọmọbìnrin ní tó lè mú un dé ibi kan. Kò gbé ẹgba. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, nínú ilé tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì. Mo fẹ́ kí àwọn bàbá ka ojú ìwé wọ̀nyẹn. Mo fẹ́ kí àwa ìyá tá a máa ń sọ fún ọmọ níwájú àlejò pé ó ti ń sanra jù náà kà á.

Àwọn tí wọn ò ṣe nǹkan kan, àwọn Singh, ni ìlú sọ di ẹni ìtanù. Wọ́n pe Sal ní apànìyàn láìjẹ́ pé ó dé ilé ẹjọ́ lọ́jọ́ kan. Yorùbá ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ti Sal tún burú ju ìyẹn lọ, nítorí pé wọn ò gbọ́ tẹnu ẹnì kankan kí wọ́n tó dá a. Ravi, àbúrò rẹ̀, ló wá di ẹnìkejì Pip nínú ìwádìí náà. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, aláwàdà, ìbànújẹ́ rẹ̀ kò sì sọ ọ́ di aláròyé. Tí òun àti Pip bá jọ wà lójú ìwé, ara máa ń tù mí.

Ohun kan wà tí mi ò retí. Ọmọ Nàìjíríà ni Victor, ọkọ ìyá Pip. Amobi tó wà nínú orúkọ ọmọ náà, orúkọ àwọn ará wa Íbò ni. Bàbá tó bí Pip kú nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, Victor ló tọ́ ọ, bàbá ló sì ń pè é, láìfi ọ̀rọ̀ kankan dín in kù. Òyìnbó lọmọ, aláwọ̀ dúdú ni bàbá, ìlú kékeré sì rèé tí ojú gbogbo ènìyàn ń tẹ̀ lé wọn. Ó wù mí kí òǹkọ̀wé fún Victor láyè ju bó ṣe fún un lọ, kí n gbọ́ ohùn tirẹ̀ lórí ohun tí ìlú ṣe fún àwọn Singh. Òun náà kúkú mọ bó ṣe máa ń rí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo irú ẹ̀dà tẹ́ ẹ máa rà. Èyí tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2020 ti kó ìtàn náà kúrò ní Buckinghamshire lọ sí ìlú kan tí wọ́n pè ní Fairview ní Connecticut, EPQ sì ti di iṣẹ́ ìparí iléèwé tiwọn. Ẹ̀yin ará Houston àti Baltimore, tẹ́ ẹ bá lè rí ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òun ni kẹ́ ẹ rà. Little Kilton kò sí lórí máàpù lóòótọ́, ṣùgbọ́n Buckinghamshire wa níbí ni òǹkọ̀wé ti dàgbà, Wendover àti Chalfont tó dárúkọ sì jẹ́ ibi tí mo mọ̀. Irú ìlú kékeré tó wà láàárín wa níbí ló kọ.

Àléébù rẹ̀ ńkọ́? Àwọn afurasí ti pọ̀ jù, nígbà tó máa fi di àárín ìwé, mo ní láti padà sẹ́yìn lọ wo ta ni ta. Inú bí mi sí bí Pip ṣe ń kó ẹ̀rí pamọ́ dípò kó gbé e fún ọlọ́pàá, tó tún lọ wọ ilé onílé nígbà tí wọn ò sí nílé. Ìdáhùn méjì ló wà níparí. Èkíní wọ̀ mí lákínyẹmí ara, nítorí ọ̀dọ̀ ẹni tí mo ti fọkàn tán ló ti wá. Èkejì yá jù, ọ̀rọ̀ tó wúwo tó bẹ́ẹ̀ yẹ kó gba ojú ìwé díẹ̀ sí i.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá sókè ni mo lè fún. Oògùn olóró wà nínú rẹ̀, ọmọbìnrin tí wọ́n fi oògùn sí ọtí rẹ̀ lóde àríyá tí wọ́n sì bà jẹ́ wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ìpara-ẹni àti ẹ̀tanú àwọ̀ náà wà níbẹ̀. Kò fi èyíkéyìí ṣeré. Kí àwọn tó fẹ́ràn ajá pàápàá múra ọkàn. Èmi àti ọmọ mi jọ kà á ni, a sì sọ̀rọ̀ nípa òde àríyá yẹn lọ́nà tí mi ò tíì gbà bá a sọ ọ́ rí.

BBC ti sọ ọ́ di eré orí tẹlifíṣọ̀n ní 2024, apá mẹ́fà, Emma Myers ló ṣe Pip, ó sì ṣe é dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ ka ìwé. Àkọsílẹ̀ Pip tí mo ń yìn yìí kò lè rí bákan náà lójú àwòrán.

Ìwé méjì mìíràn tẹ̀ lé e, Good Girl, Bad Blood àti As Good As Dead. Ẹ má fi èkejì ṣáájú, kódà bí ẹ bá rí i ní owó pọ́ọ́kú: bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ báyìí ló ti tú gbogbo àṣírí èkíní síta.