Ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ tí a rà ní Ìlọrin, àti bó ṣe ṣe sí ní èbúté Jẹ́bà

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá ni èmi àti àna mi, tó ń pẹja ní Jẹ́bà, da owó pọ̀ láti ra ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi, nítorí pé apá ti ń ro ó láti máa fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ lòdì sí ìṣàn Odò Ọya lójoojúmọ́. Yamaha Enduro alágbára ẹṣin 15 ni a rà, tòkunbọ̀ ni, ní ṣọ́ọ̀bù kan nínú Ìlọrin tó ń ta jẹnẹrétọ̀ pẹ̀lú. Owó rẹ̀ kò tó ìdajì iye tí wọ́n ń ta tuntun. Oṣù márùn-ún ni a ti ń lò ó, mo sì ń kọ èyí fún ẹni tó bá fẹ́ ra irú rẹ̀, pàápàá ẹni tí èbúté rẹ̀ há bíi tiwa.

Ní ti agbára, n kò ní ẹ̀sùn kankan. Pístìnì méjì ló ní, 246 cc. Kò lo bátìrì, okùn la fi ń fà á, wáyà inú rẹ̀ kò sì pọ̀, tó fi jẹ́ pé mẹkáníìkì tó bá mọ ọ̀kadà dáadáa lè tú u kó sì tò ó padà. Epo bẹntiróòlù tí a po ọ́ìlì mọ́ ló ń mu: kẹ́ẹ̀gì lítà 25 gba ìdajì lítà ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi, èyí tí wọ́n kọ TC-W3 sí lára.

Bí a ṣe yẹ̀ ẹ́ wò ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ṣọ́ọ̀bù, mo fọwọ́ kan orí ẹ́ńjìnnì náà, ó gbóná, wọ́n ti tan án kí n tó dé. Mo ní, “Ẹ má bínú, Alájì, ẹ jẹ́ kí n padà wá láàárọ̀ ọ̀la kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án,” nítorí pé ẹ́ńjìnnì tó ti gbóná máa ń tètè gbà kódà bí àìsàn bá wà lára rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, fífà kẹta ló gbà. A gbé e sínú dúrọ́ọ̀mù omi, omi ìtutù sì ń tú jáde gírígírí níhò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, èyí tó fi hàn pé rọ́bà tó ń fa omi sókè ṣì ń ṣiṣẹ́. Mẹkáníìkì tí mo mú wá wọn kọ̀mpírẹ́ṣọ̀n pístìnì méjèèjì, ìyẹn bí wọ́n ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ tó, wọn kò fi ìdá kan nínú mẹ́wàá jura wọn lọ. Ó tún wo ọ́ìlì jíà, torí pé bó bá funfun bí ògì, omi ti wọ inú rẹ̀ nìyẹn, tiwa dúdú. A wọn gígùn ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì náà, èyí tó ń wọ inú omi: oríṣi íǹṣì 15 àti íǹṣì 20 ló wọ́pọ̀, èyí tó kúrú ni pátákó ìdí ọkọ̀ wa gbà. Lẹ́yìn náà ni Alájì fún un ní iná dé góńgó, gbogbo àdúgbò gbọ́ ohùn rẹ̀, a sì sanwó. Ohun tí a kò ṣe ni pé a kò jẹ́ kó ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, a kò sì fi í sí rìfáàsì rárá.

Ohun méjèèjì yìí gan-an ni èbúté ń béèrè. Ìsàlẹ̀ ìdidò ni ìlú Jẹ́bà wà, bí wọ́n bá sì ṣe ń tú omi sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń fi í pèsè iná mànàmáná ni ìṣàn odò ń yí padà. Ọkọ̀ tò ti ara wọn pẹ́kípẹ́kí, àlàfo tó jẹ́ tiwa kò sì fi ẹsẹ̀ bàtà méjì fẹ̀ ju ọkọ̀ wa lọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bí mo ṣe dín iná kù láti wọlé, ẹ́ńjìnnì kú. Mo fà á, ó gbà, mo fi í sí rìfáàsì kí ọkọ̀ lè dúró, ṣe ni gbogbo ẹ́ńjìnnì náà gbéra sókè kúrò nínú omi, tí abẹ ìdí rẹ̀ tó ń ti ọkọ̀ ń yí nínú afẹ́fẹ́. Iwájú ọkọ̀ wa gbá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ Bàbá kan tó ti ń tukọ̀ níbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi, pákó kan sì là. Bàbá kò pariwo. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, ẹ̀rọ rẹ lágbára, ṣùgbọ́n kò tíì gbọ́ràn.” Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára ju owó pákó tí a san lọ, nítorí pé àwọn ọmọ máa ń fi ọwọ́ ti ọkọ̀ níbẹ̀ nígbà gbogbo, ọwọ́ wọn ni ì bá là.

Epo àtijọ́ ló ti gbẹ dí ihò kékeré inú kabúrétọ̀, èyí tó ń fún ẹ́ńjìnnì lépo nígbà tí iná bá kéré. Ihò ńlá kò dí, ìdí nìyẹn tó fi ń ké dáadáa ní ṣọ́ọ̀bù. Ìkọ́ tó ń di ẹ́ńjìnnì mọ́lẹ̀ nínú rìfáàsì sì ti jẹ. Alájì fún wa ní ìkọ́ mìíràn lọ́fẹ̀ẹ́, èyí tó dára, ṣùgbọ́n wọ́n kọ̀ láti dá sí owó iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti fi ẹnu ara wọn sọ pé kò sí ohun tó ṣe é. Bí mo bá tún fẹ́ ra òmíràn, n ó padà sọ́dọ̀ wọn, ṣùgbọ́n inú odò ni a ó ti yẹ̀ ẹ́ wò.

Ní báyìí, mo máa ń dojú kọ ìṣàn omi wọlé, kí omi fúnra rẹ̀ lè bá mi dá ọkọ̀ dúró. Mo ń yí ọwọ́ ìtukọ̀ kí n tó fi jíà sí i, nítorí pé ọkọ̀ tó wà ní fíríì kì í gbọ́ ti atukọ̀. Mo fi jíà sí i díẹ̀, mo yọ ọ́, mo wo ibi tó ń lọ, kí n tó tún fi sí i. Ìdí ọkọ̀ ni mo sì ń ṣọ́ jù, torí òun ló ń fẹ̀ jáde gbá aládùúgbò. Abẹ ẹ́ńjìnnì wa ń yí sí ọ̀tún nígbà tó bá ń lọ síwájú, nítorí náà rìfáàsì máa ń fa ìdí ọkọ̀ sí òsì díẹ̀. Apá òsì ni mo fi ń gúnlẹ̀, kó lè fà á mọ́ èbúté. Táyà àlòkù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, okùn tó ń pa ẹ́ńjìnnì, tí kò bá a wá láti ṣọ́ọ̀bù, sì wà lọ́rùn ọwọ́ mi nígbà gbogbo.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkọ̀ mìíràn ti wọ ẹ̀gbẹ́ wa, àlàfo wa sì há sí i. Tẹ́lẹ̀, bí Bàbá bá ti gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì wa, wọ́n á dìde lórí ẹní wọn wá di ọkọ̀ wọn mú. Mo wọlé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo so okùn mọ́lẹ̀, mo wòkè, Bàbá ṣì jókòó.