Ẹ̀rọ agbóhùn òòbẹ̀ tí mo rà: etí ẹ̀ ò ká gbogbo wọn

Ẹ̀gbọ́n mi ló bá mi rà á ní Lọ́ńdọ̀nù. Kò ju páálí ìṣáná lọ. Ẹ ó kì í bọ ìdí fóònù, ẹ ó sì máa gbọ́ ohùn òòbẹ̀ tí etí ọmọ ènìyàn ò gbọ́. Á tún máa ya ohùn náà ní ìlà sójú fóònù.

Ọgbà Yunifásítì Ifẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gbé e lọ. Àdán ń ké lórí igi, àmọ́ ariwo tí etí èmi náà ń gbọ́ nìkan ló yà. Ẹ̀bi ẹ̀rọ kọ́: ojú làwọn àdán ajèso yẹn fi ń ríran lóru, wọn kì í fi ohùn wá ọ̀nà bíi ti òòbẹ̀.

Àwọn òòbẹ̀ onímú-bí-ewé ni mo ń wá ní tèmi. Lẹ́nu ihò igi kan lọ́nà oko, mo gbọ́ Doryrhina cyclops, onírun gígùn: nǹkan bíi 60 kHz (ìró tó ń gbọ̀n nígbà 60,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan), ìlà tó tẹ́ pẹrẹsẹ, tó wá já wálẹ̀ lópin. Mo pariwo! Fóònù ní tiẹ̀ ń pe orúkọ òòbẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan fún mi. Ẹ má dá a lóhùn.

Inú gọ́tà ńlá abẹ́ títì ló ti dójú tì mí. Òòbẹ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní Hipposideros caffer ló so rọ̀ síbẹ̀, òmíràn rí bí eérú, òmíràn pọ́n bí epo. Ìsàlẹ̀ imú wọn dà bíi pátákò ẹṣin, awẹ́ ẹran kan wá dúró lókè ẹ̀, orí ẹ̀ rí roboto. Imú yẹn ni wọ́n fi ń ké. Wọ́n ń fò kọjá létí mi, fóònù dákẹ́ lọ gbári. Mo rò pé ó ti bàjẹ́ ni.

Kò bàjẹ́. Ohùn wọn ń lọ sí nǹkan bíi 140 kHz. Ìgbà 256,000 ni ẹ̀rọ tèmi ń ka ìró láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìdajì iye yẹn sì ni etí ẹ̀ mọ, ìyẹn 128 kHz. Èyí tó ń kà á nígbà 384,000 ni ì bá gbọ́ wọn. Ẹni tó tà á ò sọ. Bó bá ṣe òòbẹ̀ ńlá Macronycteris gigas lẹ ń wá, tó lè wọ̀n ju 100 giráàmù lọ, tèmi yìí tó o: ìyáàlù ni ohùn tiẹ̀, kànnàǹgó ni ti kékeré.

Mo fún un ní 3 nínú 5. Ó ń jẹ bátìrì bí iná ṣe ń jẹ koríko, ẹ mú páwà báǹkì dání. Ẹ wọ ìbomú náà. Òórùn gọ́tà yẹn kì í ṣe kékeré.