Mọ́tò gbá kẹ̀kẹ́ ẹ: ṣé kó o gbowó lójú títì ni àbí kó o lọ sí ìnṣọ́ránsì?

Tí mọ́tò bá gbá kẹ̀kẹ́ ẹ ní Ọláìyá tàbí Òkè-Fìà l'Óṣogbo, kíá làwọn èrò á ti máa bẹ̀ ẹ́ pé kó o gbowó kó o máa lọ. Tó bá jẹ́ táyà tàbí sípóòkù ló bàjẹ́, gbà á jàre, ọ̀rọ̀ tán.

Àmọ́ fọ́ọ̀kì (irin tó di táyà iwájú mú) àti férémù lè ti tẹ̀ kójú má tètè rí i. Gbé iwájú ẹ̀ sókè kó o yí táyà wò bóyá ó ń ha bíréèkì, kó o wá fọwọ́ pa abẹ́ férémù níbi tí wọ́n ti jó o pọ̀, tí ọ̀dà ibẹ̀ bá ti sán, irin ti tẹ̀ nìyẹn o, má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni kàn fi hámà nà án fún ẹ.

Tó bá ti dà báyẹn, ìnṣọ́ránsì ni mo fara mọ́. Third party, ìyẹn ìnṣọ́ránsì mọ́tò tó gbá ẹ, tó jẹ́ dandan fún gbogbo mọ́tò, tó di ₦15,000 fún mọ́tò àdáni láti 2023, máa ń san nǹkan oní-nǹkan tó bá bàjẹ́ títí dé mílíọ̀nù 3 náírà. Ó máa ń pẹ́ ṣá, wọ́n á sì bèèrè ìwé ọlọ́pàá, torí náà ya fọ́tò nọ́ńbà mọ́tò yẹn kó tó kúrò níbẹ̀.