Ṣẹ́láàkì, fánìṣì àbí súpà gúlù: èwo ni ká fi kun bírò onígi?

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ẹ̀rọ yí igi ṣe bírò, tí ẹ sì fẹ́ mọ èwo ni kí ẹ fowó rà, ibi tó ti dùn mí ni n ó ti bẹ̀rẹ̀.

Bírò mẹ́wàá ni mo fi igi apá ṣe fún àwọn olùkọ́ kan l'Ádó-Èkìtì. Ṣẹ́láàkì, ìyẹn oje kòkòrò tí wọ́n fi ọtí pò láti máa fi kun igi, ni mo fi kùn wọ́n torí ó yá: ẹ̀rọ ṣì ń yí, ẹ fi aṣọ tẹ̀ ẹ́ mọ́ igi, kò pẹ́ ó ti ń dán bíi dígí. Oṣù méjì ò pé tí wọ́n fi dá mẹ́fà padà. Ibi tí àtàǹpàkò àti ìfábẹ̀lá máa ń dì mú ti ṣá, ó ń lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́, ìdọ̀tí sì ti dúdú wọ̀ ọ́. Òógùn ọwọ́ dá kún un, àmọ́ sanitáísà ló bà á jẹ́ jù. Ọtí ló pọ̀ jù nínú sanitáísà tó dáa, ọtí náà la sì fi ń po ṣẹ́láàkì. Ohun tó pò ó náà ló tú u. Ọ̀fẹ́ ni mo tún gbogbo wọn ṣe, èmi ni mo tún san owó ọkọ̀.

Fánìṣì le, ṣùgbọ́n ẹ ó dúró kí ìpele kọ̀ọ̀kan gbẹ, eruku ò sì ní jẹ́ kí ẹ sinmi. Láákà, ìyẹn ọ̀dà dídán tó máa ń tètè gbẹ, dáa lẹ́ẹ̀rùn. Nígbà òjò, ó máa ń funfun bí ẹni da omi ògì lé e. Epo àti ìda máa ń jẹ́ kí igi jọ igi, àmọ́ ẹ ó máa tún un kùn ni.

Súpà gúlù ni mo ń lò báyìí. Ẹ fi pépà nù ún sí i fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bí ìpele mẹ́jọ sí mẹ́wàá, kí ẹ wá fi sáńpépà kíkúnná àti omi fá a. Ẹ má fi òwú kàn án, ó máa ń gbóná gan-an. Èéfín rẹ̀ ń ta ojú, ẹ ṣí fèrèsé. Igi gbọ́dọ̀ gbẹ dáadáa, kí ẹ sì kun ẹnu rẹ̀ méjèèjì; ibẹ̀ ni omi máa ń gbà wọlé tí yóò fi là. Ẹni tó bá fẹ́ kí igi máa kan òun lọ́wọ́ lè ní ó jọ rọ́bà. Mi ò ní bá a jiyàn, ṣùgbọ́n bírò ìrókò tí mo kùn bẹ́ẹ̀ ti bá mi la ọyẹ́ méjì kọjá lápò, ó ṣì ń dán.

Ìgò kékeré ni kí ẹ rà. Bí ẹ bá ti ṣí i, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ á mú ìyókù dì.